Àpótí ẹ́fẹ́ẹ̀tì báàsì mi ń dùn nínú hẹ́dífóònù, àmọ́ bí àgbá òfìfo ló ń ró ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ibo ni kí n ki í bọ lára áńpù?

Báàsì_Ìsánlú:

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ìsánlú ni mo wà, ní Yàgbà, mo sì ti ń ta báàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa láti bí ọdún mẹ́fà. Báàsì olókùn mẹ́rin ni, passive, kò sí bátìrì nínú rẹ̀.

Nígbà tí a ta kajú oko bàbá mi tán lọ́dún yìí, mo yọ díẹ̀ sápá kan nínú owó tó kàn mí, n ò sọ fún ìyàwó mi, mo wọkọ̀ gba Ẹ̀gbẹ̀ lọ sí Ìlọrin, mo sì ra Zoom B1 Four àlòkù, àpótí ẹ́fẹ́ẹ̀tì tó ń yí ohùn báàsì padà, lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń di ẹrù ìrìn àjò. Ìyàwó mi ti mọ̀ báyìí o. Ọmọ wa tó kéré jù ló tú àṣírí: ó fi hẹ́dífóònù sétí, ó tẹ ìlù tó wà nínú ẹ̀rọ náà, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó níwájú ìyá rẹ̀ nínú ilé tó dákẹ́ rọ́rọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣe mí. Nílé, nínú hẹ́dífóònù, ẹ̀rọ yìí dùn débi pé mo ń fi oúnjẹ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Mo ṣe patch mẹ́ta, ìyẹn ètò ohùn tí mo tò pamọ́ sínú rẹ̀. Mo pe èkíní ní ÌJỌSÌN: Compressor (tó ń mú kí ohùn dọ́gba), àfarawé áńpù ńlá kan àti ti kábínẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn àpótí sípíkà. Èkejì ni HÁÍLÁÌFÙ: Compressor àti Chorus díẹ̀ (tó ń mú kó dà bí ẹni pé báàsì ju ẹyọ kan lọ). Ẹ̀kẹta ni INÁ, Octave (tó ń fi ohùn tó jìn sí i kún nóòtì) àti Overdrive (tó ń mú ohùn gbóná, kó fọ́ díẹ̀), ìyẹn fún ìgbà tí orin ìyìn bá ti gbóná tí àwọn màmá ti ń ju gèlè.

Áńpù ṣọ́ọ̀ṣì wa, kọ́ńbò tòkúǹbọ̀ ni, sípíkà ìǹṣì 15 kan ló wà nínú rẹ̀. Ihò méjì ló wà níwájú, Passive àti Active. Gain, Low, Mid, High àti Master tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn, Send àti Return wà (ihò tí ohùn ń gbà jáde lọ sí ẹ̀rọ mìíràn àti èyí tó ń gbà padà), ihò DI onírin mẹ́ta tó ń lọ sí míkísà náà wà, bọ́tìnnì kékeré méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Pre/Post àti Ground Lift, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn rí láti ìgbà tí wọ́n ti gbé áńpù náà dé.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo ki báàsì bọ Zoom, mo ki Zoom bọ ihò Passive, mo sì fi gbogbo bọ́tìnnì áńpù sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń bá wọn. (Low wà ní apá aago mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a lọ́wọ́ ẹni tó ta báàsì ṣáájú mi.) Ẹ gbọ́ nǹkan tó ṣẹlẹ̀:

Ohùn ò jáde. Ó ń bú gbùù, àmọ́ èèyàn ò lè mọ̀ bóyá C ni mò ń tẹ̀ tàbí D. Onílù wa ní ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú àpò ìrẹsì.

Nígbà tí mo tẹ INÁ, ohùn fò sókè lójijì. Màmá tó ń darí akọrin yíjú padà wò mí. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ojú yẹn, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Bí wọ́n ṣe tan jẹ́nẹ́rétọ̀ ni kíkùn ńlá kan bẹ̀rẹ̀, hùùùn, kò sì dáwọ́ dúró títí àdúrà ìparí. Ádápítọ̀ tí ọmọkùnrin yẹn fún mi kì í ṣe ti Zoom gan-an, àmọ́ 9V ni wọ́n kọ sí i lára.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ihò iwájú ni kí n máa lò ni, àbí Return lẹ́yìn? Ìkórè wa kù bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́kọ́ja àti Àbújá á wálé. N ò fẹ́ kí ojú tì mí níwájú wọn.

Ìka_Lọ̀gá:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá a padà kí ẹ fi owó kajú ra okùn tuntun. Okùn tó ti pé ọdún mẹ́ta lórí báàsì, kò sí ẹ̀rọ tó lè jí i dìde. Ìka ni báàsì.

Bàbá_Báàsì_Kàbbà:

Má dá Ìka_Lọ̀gá lóhùn. Ọ̀rọ̀ okùn tó sọ nìkan ni kí o mú níbẹ̀.

Àbúrò, o kú ìnáwó. Kàbbà ni mo wà, mo ti ń ta báàsì láti ìgbà tí a ń fi okùn kan náà ta á títí á fi já. Ohun tó ń ṣe ọ́ ti ṣe mí rí. Ẹ̀rọ rẹ ò bàjẹ́. Áńpù méjì lo ki bọ ara wọn láìmọ̀, ọba méjì kì í sì í jẹ láàfin kan.

Wò ó. Iṣẹ́ méjì ni áńpù ṣọ́ọ̀ṣì yín ń ṣe. Apá iwájú, níbi tí Gain àti Low, Mid, High wà, òun ló ń kun ohùn ní àwọ̀. Apá kejì kàn ń fún un lágbára tó fi lè ti sípíkà. Nínú Zoom tìrẹ, àwòrán áńpù wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwòrán kábínẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn ètò tó ń fara wé ohùn wọn. Àwòrán kábínẹ́ẹ̀tì yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gé ohùn òkè kù bí sípíkà gidi ṣe máa ń gé e. Ó dára nínú hẹ́dífóònù, torí pé kò sí kábínẹ́ẹ̀tì kankan nínú hẹ́dífóònù. Àmọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó gé ohùn òkè lẹ́ẹ̀kan, sípíkà ìǹṣì 15 yín tún gé e lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá sẹ́ ògì tó ti sẹ́ tẹ́lẹ̀, kí ló fẹ́ rí? Lórí rẹ̀, Low tún wà ní aago mẹ́ta. Kò lè má bú.

Nítorí náà, kí o tó béèrè ihò, ṣe ẹ̀dà ÌJỌSÌN sí ààyè mìíràn, kí o pa áńpù àti kábínẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀dà náà. Ti hẹ́dífóònù dúró lọ́tọ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì dúró lọ́tọ̀. Dá Low, Mid àti High padà sí àárín gbùngbùn. Bí ẹni tó ta á ṣáájú rẹ bá ní kí ló dé, sọ fún un pé èmi ni mo ní kí o ṣe é.

Ó tún ku ohun kan nípa Low. Etí wa kì í gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ dáadáa nígbà tí fólúùmù bá kéré. Nílé, o ń fi ìsàlẹ̀ kún un torí pé ó dà bí ẹni pé kò tó. Bí o bá gbé patch kan náà lọ sí ibi tó ń ró gan-an, gbogbo ìsàlẹ̀ tí o ń wá nílé á jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àárín ṣọ́ọ̀ṣì lèèyàn ti ń ṣe patch ṣọ́ọ̀ṣì, bí akọrin bá ń kọrin, bí onílù bá ń lù. Bí wọn ò bá gbọ́ nóòtì rẹ, Mid ni kí o fi díẹ̀ kún, àgbègbè 700 tàbí 800 Hz. Má fọwọ́ kan Low.

Ó wá kan ihò. Bí o bá ki Zoom bọ Return, o ti fo Gain àti Low, Mid, High áńpù kọjá, Zoom nìkan ló ń darí. Ó máa ń mọ́ gan-an, àwòrán áńpù inú Zoom sì lè wúlò níbẹ̀, kábínẹ́ẹ̀tì nìkan ni wà á pa. Àmọ́ ṣọ́ra o! Nínú áńpù mìíràn, Return wà lẹ́yìn Master. Kò sí bọ́tìnnì kan lára áńpù tó lè gbà ọ́ níbẹ̀, fólúùmù Zoom nìkan ló ń sọ bó ṣe máa ké tó.

Bí mo ṣe mọ̀ nìyí: ìsìn ìrìbọmi ni, ní ibì kan tí n ò ní dárúkọ. Mo rọra dá Master sí òdo, ọkàn mi balẹ̀, mo ki àpótí mi bọ Return, mo fi àtàǹpàkò ta okùn E kan ṣoṣo. Ẹnìkan ti gbé ife omi pásítọ̀ lé orí áńpù. Mo rí ife náà tó rìn. Kò ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń gbọ̀n, ó ń rìn lọ sí etí áńpù díẹ̀díẹ̀ bí ọmọdé tó ń kọ́ ìrìn, èmi náà ń wò ó, ọwọ́ mi ò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gbogbo omi náà dà sí ìwé orin.

Nítorí náà, dá fólúùmù Zoom sí òdo kí o tó ki nǹkan bọ Return. Gbé e sókè díẹ̀, ta nóòtì kan, yí Master. Bí ohùn ò bá yí padà, o ti mọ ibi tí o wà.

Ihò iwájú ni mo máa kọ́kọ́ dán wò bí mo bá jẹ́ ìwọ. Bí ihò Passive bá ń fọ́ ohùn, lọ sí Active, ó máa ń dín agbára tó ń wọlé kù, ẹ̀rọ tó ń fi iná ṣiṣẹ́ sì lè lágbára ju báàsì tìrẹ tí kò ní bátìrì lọ.

Ti INÁ tó ń fò: patch kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n fólúùmù tirẹ̀. Ta báàsì pẹ̀lú ẹ́fẹ́ẹ̀tì ní pípa, ta á pẹ̀lú ẹ́fẹ́ẹ̀tì ní títàn. Kò gbọdọ̀ ga ju ara wọn lọ. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún patch mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọwọ́ líle ni kí o fi ta á, kì í ṣe ọwọ́ yàrá. Overdrive ló máa ń tan èèyàn jẹ jù.

Octave ni kí o sì fi ṣáájú gbogbo wọn, ó fẹ́ nóòtì tó mọ́ lójú, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Má sì lò ó lórí okùn E tí o kò tẹ̀. E yẹn nìkan jẹ́ nǹkan bí 41 Hz, Octave á sọ ọ́ di bí 20. Sípíkà yín ò lè sọ ọ́, á kàn máa mi àyà lásán ni, agbára á sì ti bá a lọ. Gòkè lọ sórí okùn D àti G bí o bá fẹ́ tẹ INÁ.

Oníná_Mọ̀pà:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Bàbá ti sọ ti ohùn, ẹ jẹ́ kí n bá wọn dá sí ti kíkùn, torí òun lèmi ń jẹun nídìí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, 9V nìkan ò tó. Ẹ wo ara ádápítọ̀ yẹn, ẹ á rí àwòrán òbìrípo kékeré kan tó ní ààmì + àti − lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ti Zoom, inú ló gbọ́dọ̀ jẹ́ −, ìta ni +. Ìwọ̀n iná tó ń fẹ́ jẹ́ 500 mA. Bí ti yín bá lè fún un ní 1 A, ìyẹn 1000 mA, kò burú, ẹ̀rọ á mu ìwọ̀n tó bá fẹ́. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ádápítọ̀ kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì ràn yín lọ́wọ́. Ti Yamaha tó wọ́pọ̀ jù, 12V ni, inú rẹ̀ sì ni + wà. Mo ti ṣí àpótí méjì tí irú ẹ̀ pa.

Láti mọ ibi tí kíkùn ti ń wá, bátìrì ni kí ẹ fi wá a. Bátìrì AA mẹ́rin ni ẹ̀rọ yẹn ń lò. Ẹ fi bátìrì sí i, ẹ yọ ádápítọ̀ kúrò pátápátá, ẹ ní kí wọ́n tan jẹ́nẹ́rétọ̀. Bí kíkùn bá dákẹ́, ádápítọ̀ ni. Bí kò bá dákẹ́, ẹ yọ wáyà DI tó ń lọ sí míkísà. Bó bá dákẹ́ nígbà náà, ilẹ̀ méjì ni áńpù àti míkísà ń gbà, iná ń yí po láàárín wọn. Bọ́tìnnì Ground Lift tí ẹ ní ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn rí, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ tún jẹ́ kí áńpù àti míkísà gba iná láti orí ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n kan náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣẹ́ irin kẹta orí púlọ́ọ̀gì áńpù. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń ṣe é, kíkùn sì máa ń lọ lóòótọ́. Àmọ́ ọjọ́ tí iná bá bọ́ sára irin áńpù, okùn báàsì ni yóò gbé e wá bá ọwọ́ yín, tí ẹnu yín sì wà lára máíkì.

Báàsì_Ìsánlú:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé gan-an. A ṣe ìdánrawò ní ọjọ́ Sátidé, mo tètè dé kí àwọn akọrin tó dé.

Bátìrì ni mo kọ́kọ́ fi sí i. Jẹ́nẹ́rétọ̀ ń sáré, áńpù dákẹ́ bí ibojì. Mo ki ádápítọ̀ padà, hùùùn. Nítorí náà, Oníná_Mọ̀pà, ẹ ti pa á sójú kan. Inú ni − wà o, mo wò ó. Ó kàn jẹ́ pé ádápítọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni kò dáa. Mo ti ránṣẹ́ sí Kàbbà fún òmíràn, kí ó tó dé, bátìrì la ó máa jẹ.

Mo pa kábínẹ́ẹ̀tì, mo dá Low padà sí àárín. Onílù wa dúró, ó ní, “Ta ló dé?” Mo gbọ́ ìka mi fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ilé yẹn, títí kan àwọn ibi tí mo ti ń ṣì tẹ̀ láti ọdún mẹ́fà tí kò sẹ́ni tó mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo ní kí n dán Return wò (mo fi fólúùmù sí òdo, Bàbá, mo sì gbé gbogbo ife kúrò lórí áńpù). Ohùn náà mọ́ lóòótọ́. Master ń ṣiṣẹ́. Mo ti ń gbádùn ara mi nígbà tí ẹni tó wà nídìí míkísà sáré wọlé láti ìta, ó ní báàsì ti kú nínú sípíkà tó wà lábẹ́ kánópì. Nínú ilé, báàsì ń dún. Ní ìta, òfo. Mo padà sí ihò iwájú, ó dún ní ìta. Mo tún lọ sí Return, òfo. Mo tẹ Pre/Post sí Post, òfo náà ni. Kí lèyí?

Bàbá_Báàsì_Kàbbà:

Á, ó yẹ kí n ti sọ ìyẹn. DI áńpù yín ń mu ohùn láti apá iwájú. Bí o bá wọlé láti Return, o ti gba ẹ̀yìn wọlé, o ò sì gba iwájú ibi tí DI dúró sí kọjá. Kò rí ọ. Nínú áńpù mìíràn, Post máa ń wà lẹ́yìn Return, ó sì máa ń gbé e. Nínú ti yín, Post kàn túmọ̀ sí lẹ́yìn Low, Mid, High ni, kí ó tó dé Send.

Ọjọ́ Ìkórè, àwọn tó máa wà lábẹ́ kánópì á pọ̀ ju àwọn tó wà nínú ilé lọ. Nítorí náà, ihò iwájú ni tìrẹ, ọ̀rọ̀ ti parí. Fi DI sí Pre kí ó lè máa gbé ohùn Zoom nìkan lọ síta, kí o lè máa yí Low àti Mid fún inú ilé láìda ti ìta rú.

Ohun kan ló kù níbẹ̀. Ohùn tó ń lọ síta báyìí kò ní kábínẹ́ẹ̀tì kankan lára, nítorí pé o ti pa á. Ó lè máa han díẹ̀ ní òkè, pàápàá bí o bá tẹ INÁ. Ní kí ẹni tó wà nídìí míkísà gé ohùn òkè báàsì kù ní chánẹ́ẹ̀lì rẹ nìkan.

Báàsì_Ìsánlú:

Mo padà wá jíhìn. Ìkórè ti kọjá, a dúpẹ́.

Ihò Active ni mo lò, Passive ń fọ́ díẹ̀ bí mo bá ta á kíkankíkan. Compressor wà ní títàn jálẹ̀. Háíláìfù tí a fi gbé àwọn ìdílé wọlé pẹ̀lú ọrẹ wọn gba ìṣẹ́jú tó pọ̀, Chorus yẹn sì dùn mọ́ gángan lára. Ádápítọ̀ tuntun ò kùn. Ẹni tó wà nídìí míkísà gé òkè, ó ní ní ìta òun ń gbọ́ nóòtì kọ̀ọ̀kan. Màmá tó ń darí akọrin kò yíjú wò mí rárá títí ìsìn fi parí, ohun tí mò ń fẹ́ gan-an nìyẹn.

INÁ ni n ò tíì yanjú. Mo ti bá fólúùmù rẹ̀ dọ́gba, mo sì ń ta á lórí D àti G bí ẹ ṣe wí, àmọ́ bí Overdrive bá ti tàn, ìsàlẹ̀ ń sá lọ, báàsì ń di tínínrín láàárín ìlù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tẹ̀ ẹ́, mo sì yára pa á.

Bàbá_Báàsì_Kàbbà:

Overdrive ló ń jẹ ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe. Wò ó bóyá irú èyí tí o yàn ní ibi tí a ti ń da ohùn tútù, ti báàsì lásán, pọ̀ mọ́ ohùn gbígbóná. Bó bá ní, dá a sí ìdajì. Bí kò bá ní, yan òmíràn tó ní in, kí o sì dín Gain rẹ̀ kù ju bí o ṣe rò lọ.

Ìka_Lọ̀gá:

Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ìlú yín kan wá sí Ìkórè yẹn, ó sì fi fídíò ránṣẹ́ sí mi. Mo gbọ́ báàsì yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ ta àpótí náà nígbà kankan, ẹ sọ fún mi kí ẹ tó sọ fún ẹlòmíràn.